Orúkọ Wáì-fáì kan, nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì: bí kọ̀ǹpútà méjì ṣe ń wá ara wọn nínú ilé kan

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ń fi fáìlì ránṣẹ́ sí ara wọn lórí í-meèlì, láti pálọ̀ sí yàrá, nínú ilé kan náà. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí wọ́n ń kó ìwé ìṣirò wọn sí wà ní pálọ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sì so mọ́ ọn. Láptọ́ọ̀pù tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ lálẹ́ wà ní yàrá tó kángun sẹ́yìn ilé. Tẹ́lẹ̀, orí láptọ́ọ̀pù yẹn ni wọ́n ti ń ṣí fódà tó wà ní pálọ̀, bí ẹni fa dúrọ́ọ̀ tábìlì ara rẹ̀ yọ. Lọ́jọ́ kan, ó kọ̀ jálẹ̀. Windows ní òun kò rí ọ̀nà débẹ̀, ó sì kọ nọ́ńbà kan sábẹ́ rẹ̀: 0x80070035. Bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà méjèèjì ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì geere, orúkọ Wáì-fáì kan náà, páswọ́ọ̀dù kan náà.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tún ọ̀rọ̀ yìí ṣe. Nítorí ti àkọ́kọ́ ni mo ṣe ń kọ ọ́ látòkè délẹ̀: mo ti gba ọpẹ́, mo ti lọ sílé, kí n tó mọ̀ pé ìdajì àìsàn ni mo wò.

Kí ló yí padà? Ohun tí mo kọ́kọ́ ń bi ẹnikẹ́ni tó bá pè mí nìyẹn, ìdáhùn tí gbogbo èèyàn sì ń fún mi ni ẹ̀gbọ́n mi náà fún mi: “Kò sí o. Bó ṣe wà náà ló wà.” Wọn ò purọ́. Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá dáṣẹ́ sílẹ̀, kọ̀ǹpútà ló máa ń wò. Àpótí kékeré tí wọ́n gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí Wáì-fáì lè dé yàrá kò sí lára kọ̀ǹpútà lójú tiwọn. Èmi ló yẹ kí n bi wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ní kí wọ́n gbé láptọ́ọ̀pù wá sí pálọ̀ kí n lè máa rí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbé aláìsàn kúrò níbi tí àìsàn ti ń ṣe é, mo wá ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní pálọ̀, mo ṣí ojú dúdú tí wọ́n ń pè ní Command Prompt lórí méjèèjì, mo tẹ ipconfig, àṣẹ tó ń fi ádírẹ́sì kọ̀ǹpútà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì hàn. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ń jẹ́ 192.168.1.104, láptọ́ọ̀pù ń jẹ́ 192.168.1.112. Ìdá mẹ́ta àkọ́kọ́ bára mu, “Default Gateway” àwọn méjèèjì, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jáde, sì jẹ́ 192.168.1.1. Ká ní mo rí nọ́ńbà tó fi 169.254 bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀kan nínú wọn ni, ǹ bá ti mọ̀ pé ráútà, àpótí tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì nínú ilé, kò fún un ní ádírẹ́sì rárá, òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ ara rẹ̀ lórúkọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Agbo kan náà ni wọ́n wà.

Mo ní kí láptọ́ọ̀pù pe èkejì: ping 192.168.1.104. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló pè é, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló rí “Request timed out”. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń sáré kọjá, torí lójú wọn, kó ṣáà ti má dáhùn, ọ̀kan náà ni. Kì í ṣe ọ̀kan náà. Tí ẹ bá rí “Destination host unreachable”, tó sì jẹ́ pé nọ́ńbà kọ̀ǹpútà tiyín gan-an ló wà níwájú rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà yín kígbe láàárín agbo pé “ta ló ń jẹ́ 104?”, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ ẹ. “Request timed out” lè jẹ́ nǹkan mìíràn: ẹni tí à ń pè wà níjòókòó, ó gbọ́ wa, ó kàn panu mọ́ ni. Kí n lè mọ èyí tó jẹ́, mo tẹ arp -a. Àtẹ kékeré kan jáde, 192.168.1.104 sì wà níbẹ̀, pẹ̀lú ádírẹ́sì tí wọ́n kọ mọ́ ara ẹ̀rọ náà láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, lẹ́tà àti nọ́ńbà méjìlá tí dáàṣì pín ní méjìméjì. Ìyẹn ni pé nígbà tí wọ́n béèrè ẹni tó ń jẹ́ 104, ó ní “èmi rèé”. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ gan-an ló dákẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ firewall nìyẹn, ètò tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kọ̀ǹpútà.

Lóòótọ́, nígbà tí mo ṣí Settings kọ̀ǹpútà orí tábìlì, “Public” ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà wà. Windows gbà pé gbàgede ni òun wà, láàárín àwọn tí òun kò mọ̀ rí, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Mo yí i sí “Private” lórí méjèèjì, mo rí i dájú pé pínpín fáìlì wà ní títàn, ping sì dáhùn lójú ẹsẹ̀. Inú mi dùn débi pé mi ò bi ara mi léèrè ìdí tí kọ̀ǹpútà tó ti ń pín fáìlì láti ọjọ́ pípẹ́ fi ṣàdédé bára rẹ̀ ní Public. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí Windows bá rí bíi tuntun ló máa ń fi síbẹ̀, títí ẹnì kan yóò fi sọ fún un pé ilé ni. Kí ló dé tí Wáì-fáì ilé yìí fi di tuntun lójú rẹ̀? Ìbéèrè yẹn nìkan ì bá gbà mí lọ́wọ́ ìrìn ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Fódà ṣí, ó sì béèrè orúkọ àti páswọ́ọ̀dù. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ nọ́ńbà mẹ́rin tí wọ́n fi ń ṣí kọ̀ǹpútà pálọ̀ lárààárọ̀. Ó kọ̀ ọ́. Wọ́n tún un tẹ̀, wọ́n wá wò mí bí ẹni pé èmi ni mo bà á jẹ́. PIN yẹn kò lè jáde kúrò lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ṣe é. Tó bá ti di pé à ń bọ̀ láti orí ẹ̀rọ mìíràn, páswọ́ọ̀dù àkáǹtì gan-an ni Windows ń béèrè, èyí tí kò sẹ́ni tó rántí mọ́ nínú ilé náà. A yí i padà, a tẹ tuntun, ó wọlé.

Kí n tó dìde, wọ́n mú ìwé pélébé kan jáde tí ẹnìkan níbi iṣẹ́ wọn kọ fún wọn: pa firewall, tan SMB1, wá HomeGroup. Mo rẹ́rìn-ín. HomeGroup, ètò tí Windows fi ń pín fáìlì nínú ilé nígbà kan, kò sí ńbẹ̀ mọ́ láti wá. Microsoft ti yọ ọ́ kúrò nínú Windows 10 láti ẹ̀dà 1803, lọ́dún 2018. SMB1 ni mo dúró lé lórí. Èdè àtijọ́ tí Windows fi ń pín fáìlì ni, ihò tó wà nínú rẹ̀ sì ni kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní WannaCry gbà wọlé láti kọ̀ǹpútà dé kọ̀ǹpútà ní oṣù karùn-ún ọdún 2017. Nígbà tí ẹ̀dà 1709 jáde lọ́dún yẹn kan náà, Microsoft kò fi sínú Windows 10 tuntun mọ́. Ẹni tó bá tan án torí fódà kan ń já ilẹ̀kùn ẹ̀yìn torí pé kọ́kọ́rọ́ iwájú sọnù. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fa ìwé náà ya, mo sì lọ sílé.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, fóònù mi dún. “Àbúrò mi, ó tún ti dé o.”

Níbo ni wọ́n wà? Yàrá. Mo ní kí wọ́n gbé láptọ́ọ̀pù lọ sí pálọ̀: ó ṣí. Kí wọ́n gbé e padà sí yàrá: ó kọ̀. Ohun tó sọ sí mi lọ́kàn ni pé Wáì-fáì kò lágbára dé yàrá. Mo ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé gígùn kan, bí 5 GHz kì í ṣe lè la ògiri kọjá dáadáa, tí 2.4 GHz sì ń rìn jìnnà jù ú lọ, nígbà tí wọ́n já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi.

“Ó kún fọ́fọ́ o. Ibi tó ti lágbára jù nínú ilé yìí nìyí.”

Mo dákẹ́. Yàrá yẹn ni Wáì-fáì kì í fi bẹ́ẹ̀ lágbára tẹ́lẹ̀. Tí ẹ̀gbọ́n mi bá fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀ lórí fídíò, wọ́n ní láti jáde wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo bi wọ́n pé báwo ló ṣe wá di ibi tó lágbára jù. Wọ́n ní ọmọ àwọn ló gbé nǹkan kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà yàrá, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́; ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Ẹrù ni mo ti ń tò láti àná.

Nígbà tí mo padà débẹ̀, yàrá ni mo jókòó sí, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé láptọ́ọ̀pù kúrò lójú kan. Mo wo Public àti Private lẹ́ẹ̀kan sí i: Private ni. Mo fi orúkọ pe kọ̀ǹpútà pálọ̀; Windows ní òun kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo wá fi nọ́ńbà pè é, tí mo ti gbà nínú ọkàn mi pé kò ní dáhùn. Ó dáhùn:

Reply from 192.168.1.104: bytes=32 time=6ms TTL=127

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá lórí rẹ̀. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn yẹn ló dá mi dúró. Lánàá ní pálọ̀, 128 ni mo rí níbẹ̀. TTL dà bí owó ọ̀nà tí wọ́n dì fún ọ̀rọ̀ tó ń rìn nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì: Windows máa ń di 128 fún un, ráútà kọ̀ọ̀kan tó bá sì gbé e láti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan bọ́ sí òmíràn yóò yọ 1 nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà méjì tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà kì í san nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Tí èsì bá ti pálọ̀ dé yàrá pẹ̀lú 127, ẹnu ibodè kan wà nínú ilé yìí, ẹnì kan sì ti gba 1 níbẹ̀.

Mo tẹ ipconfig, ohun tó yẹ kí n ṣe níbí yìí gan-an láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Láptọ́ọ̀pù tó ń jẹ́ 192.168.1.112 ní pálọ̀ ti di 192.168.0.101, “Default Gateway” rẹ̀ sì jẹ́ 192.168.0.1. Òdo ló wà níbi tí 1 wà lánàá. Tracert, àṣẹ tó ń ka ibi tí ọ̀rọ̀ gbà kọjá, sọ ìyókù: ìlà kìíní, 192.168.0.1, ìlà kejì, kọ̀ǹpútà pálọ̀.

Ó wù mí kí n fi ojú rí ibi tí ààlà náà wà. Mo tẹ ping -t, èyí tí kì í dúró títí èèyàn yóò fi dá a dúró, mo gbé láptọ́ọ̀pù lé apá, mo sì ń rìn díẹ̀díẹ̀ láti yàrá lọ sí pálọ̀. TTL=127, TTL=127, TTL=127. Mo kọjá ẹnu ọ̀nà bálùwẹ̀: 127 náà ni, ṣùgbọ́n ó ti ń pẹ́ kó tó dé. Nígbà tí mo yọ sí ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, “Request timed out” bíi mẹ́ta tò tẹ̀lé ara wọn, lẹ́yìn náà TTL=128, TTL=128. Àmì Wáì-fáì ní ìsàlẹ̀ ojú láptọ́ọ̀pù kò fì rárá. Orúkọ kan náà ló ń kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń tẹ̀ lé mi lẹ́yìn ní kí ló ṣe tí mo ń rìn bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́.

Ó kù kí n wo òdìkejì rẹ̀. Mo gbé láptọ́ọ̀pù padà sí yàrá, mo ní kí kọ̀ǹpútà pálọ̀ pe 192.168.0.101. Kò dáhùn, kò tilẹ̀ jọ pé yóò dáhùn láéláé. Yàrá ń rí pálọ̀, pálọ̀ kò rí yàrá. Ráútà kejì ló fà á. Ó ń ṣe bí asọ́bodè: ẹni tó bá ti inú agbo tirẹ̀ jáde, yóò fi orúkọ ara rẹ̀ bò ó lójú, yóò sì rántí rẹ̀ kó lè bá a gba èsì wọlé. Ẹni tó bá ti ìta wá láìjẹ́ pé ẹnì kan ránṣẹ́ pè é, kò sí àyè fún un. Kọ̀ǹpútà pálọ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ pé láptọ́ọ̀pù kan wà. Lójú tirẹ̀, ráútà kejì tó ń jẹ́ 192.168.1.107 ló wá kí i. Ní ti orúkọ tí kò ṣiṣẹ́, igbe ni Windows fi ń wá ẹni tó ń jẹ́ orúkọ kan nínú ilé, igbe yẹn kì í sì í kọjá ráútà. Nọ́ńbà lè rìnrìn àjò. Igbe kò lè kúrò nínú agboolé.

A pe ọmọ náà. Ó ṣàlàyé láìfi nǹkan kan pamọ́: ó fa wáyà láti ara ráútà pálọ̀, ó tì í bọ ihò tí wọ́n kọ Internet sí lára ráútà kejì, bí ìwé inú páálí rẹ̀ ṣe wí. Ó wá fún àwọn méjèèjì ní orúkọ tuntun kan náà àti páswọ́ọ̀dù kan náà, kí fóònù lè máa bọ́ láti ọ̀kan sí èkejì láìbéèrè. Orúkọ tuntun yẹn ló sọ Wáì-fáì ilé di àjèjì lójú Windows, tó fi bára rẹ̀ ní Public. Àṣìṣe méjèèjì, ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí wọn. “Ṣé kì í ṣe pé tí orúkọ bá ti jẹ́ ọ̀kan, nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ti di ọ̀kan nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́?” Mi ò bá a wí. Orúkọ Wáì-fáì jẹ́ àkọlé ara ògiri lásán. Ilé méjì lè kọ àkọlé kan náà sára ògiri wọn. Ádírẹ́sì tí ráútà pín fún yín ló ń sọ agbo tí ẹ wà.

Oríire tó di oríibú ni pé nọ́ńbà ráútà méjèèjì yàtọ̀ síra. Gbogbo ádírẹ́sì tó fi 192.168 bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì abẹ́lé láti ọdún 1996, ẹnikẹ́ni ló lè lò ó, ìyẹn ni ẹni tó ṣe ráútà kan fi yan 0, tí ẹlòmíràn yan 1. Ká ní méjèèjì yan 1 ni, àárín ráútà kejì àti èkíní ì bá dàrú, íntánẹ́ẹ̀tì lè má lọ ní yàrá rárá, wọn ì bá sì ti pariwo lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí nọ́ńbà ti ń ṣiṣẹ́. Lóòótọ́, mo tẹ \\192.168.1.104 láti yàrá, fódà sì ṣí. Mi ò gbà. Ráútà lè fún kọ̀ǹpútà pálọ̀ ní nọ́ńbà mìíràn lọ́la, pálọ̀ kò sì ní rí láptọ́ọ̀pù láé. Ohun tó yẹ ni kí ráútà kejì fi iṣẹ́ asọ́bodè sílẹ̀, kó máa tan Wáì-fáì ká nìkan. Àwọn ráútà mìíràn ní bọ́tìnnì kan fún èyí, Access Point Mode. Eléyìí kò ní, ọwọ́ la fi ṣe é.

Ètò tí a fi ṣe é ṣe pàtàkì. Mo fi wáyà so láptọ́ọ̀pù mọ́ ráútà kejì, mo wọ inú sẹ́tìnì rẹ̀. Ráútà pálọ̀ ń pín ádírẹ́sì láti 100 dé 199, nítorí náà mo fún ráútà kejì ní 192.168.1.2, tí kò sí nínú èyí tí wọ́n ń pín. Ṣùgbọ́n kò gbà, torí wáyà pálọ̀ ṣì wà nínú ihò Internet rẹ̀, ó sì rí i pé ìta ti ń lo 192.168.1. Mo fa wáyà yẹn yọ, ó gbà. Ojú ìwé náà dúró gbagidi. Kò bàjẹ́, ádírẹ́sì tí a fi ṣí i ni kò sí mọ́. Mo yọ wáyà láptọ́ọ̀pù, mo tún un kì, mo ṣí 192.168.1.2, mo pa DHCP, ìyẹn iṣẹ́ ádírẹ́sì pínpín. Ìgbà yẹn ni mo tó mú wáyà pálọ̀, tí mo tì í bọ ọ̀kan nínú ihò mẹ́rin tí wọ́n kọ LAN sí. Tí èèyàn bá kọ́kọ́ gbé wáyà síbẹ̀ kó tó pa DHCP, ráútà méjì ni yóò máa pín ádírẹ́sì nínú agbo kan, ìyẹn sì le ju ohun tí a torí rẹ̀ wá lọ. Ní ìkẹyìn, mo wọ ráútà pálọ̀, mo ní kó máa fi 104 pamọ́ fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì.

Ní yàrá, ipconfig ka 192.168.1.112, nọ́ńbà tí láptọ́ọ̀pù ní ní pálọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. TTL=128. Mo tún gbé e rìn láti yàrá dé pálọ̀ pẹ̀lú ping -t: “Request timed out” ẹyọ kan ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, 128 ṣáájú rẹ̀, 128 lẹ́yìn rẹ̀. Orúkọ ṣí fódà. Kọ̀ǹpútà pálọ̀ pe láptọ́ọ̀pù, ó jẹ́ ẹ. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ ìwé kan jáde láti orí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì sáré lọ wò ó ní pálọ̀ bí ẹni tí kò gbà á gbọ́.

Ọmọ wọn gé sẹ́lótéèpù, ó fi lẹ ihò Internet ráútà kejì pa, ó sì fi bírò kọ “ẹ má ki nǹkan kan bọ ibí” sí i lórí.